Don Sinfo àti Ọkọ̀ Omi Tí Kò Gbọdọ̀ Dé Ìpele Kẹrin

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n fi ń rántí Sinforiano Bareiro, mẹkáníìkì àgọ́ wa tí a ń pè ní Don Sinfo, kò sí èyí tó lókìkí tó ti ọjọ́ tí Kápútẹ́ẹ̀nì Ledesma wá mú Petrona lọ sí olú-ìlú, tó sì jẹ́ pé eruku nìkan ló rí mú lọ. Petrona kì í ṣe ènìyàn o. Ọkọ̀ omi ni, arúgbó ọkọ̀ tí àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà ti lò gbó kí wọ́n tó fi ta wá lọ́rẹ. Àgọ́ ọmọ ogun wa ní Palo Quemado wà láàárín ilẹ̀ gbígbẹ Chaco, níbi tí omi kànga ti níyọ̀ débi pé ewúrẹ́ pàápàá ń yínmú sí i. Petrona nìkan ló ń bá wa lọ gbé omi tó ṣeé mu wá láti odò: fún àwa ṣọ́jà, fún àwọn Nivaclé tí abúlé wọn wà lẹ́yìn igbó, àti fún ilé ẹ̀kọ́ tó wà láàárín àwa àti wọn. Bí Petrona bá lọ, òùngbẹ ló kù.

Iṣẹ́ ológun sì ní òfin tirẹ̀. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lọ́dọ̀ wa, kì í ṣe ẹni tó bá ṣáà ti rí sípánà mú ló ń tún un ṣe. Ìwé ìpín-iṣẹ́ kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, òun ló pín gbogbo àtúnṣe sí ìpele-ìpele. Ìpele kìíní ni awakọ̀ fúnra rẹ̀: kó yẹ omi àti ọ́ìlì wò, kó nu gíláàsì, kó fi gíríìsì sí ibi tó bá ń ké. Ìpele kejì ni ṣọ́ọ̀bù àgọ́ wa, ìyẹn Don Sinfo. Ìpele kẹta wà nílùú, lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá wa. Ìpele kẹrin ni ilé iṣẹ́ ńlá tó wà ní olú-ìlú. Ìpele karùn-ún wà lókè òkun, lọ́wọ́ àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà, bí wọ́n bá ṣì wà láyé. Ètò náà dára lójú. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé a ò tíì rí ọkọ̀ tó dé ìpele kẹrin tó sì mọ ọ̀nà ilé padà.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, gíábọ́ọ̀sì Petrona sán lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ náà dé ìlú, ìlú sì rán Kápútẹ́ẹ̀nì Ledesma pẹ̀lú àṣẹ àti ọkọ̀ ńlá kan tí wọ́n máa fi wọ́ Petrona lọ. Ọ̀dọ́ ni Kápútẹ́ẹ̀nì nígbà náà, ó lọ aṣọ rẹ̀ dáadáa kó tó kúrò nílé, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, eruku ti pa á láró. Afẹ́fẹ́ àríwá ń fẹ́, èyí tó máa ń gbóná bí èémí ẹni tí ibà ń ṣe. Ó ti rẹ ọkùnrin náà kó tó sọ̀ kalẹ̀.

Don Sinfo ò jẹ́ jiyàn ní ìdúró. Kúkúrú ni, ó sanra níkùn, irun imú rẹ̀ ti funfun ṣáájú ti orí. Ó fa àga fún Kápútẹ́ẹ̀nì lábẹ́ igi algarrobo, ó mú ìwo màlúù rẹ̀, ó rọ ewé sí i, ó ki ọ̀pá irin ìfàmu bọ̀ ọ́, ó sì gbé ìkòkò omi tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Tereré nìyẹn. Ẹnì kan ní í máa bu omi sí i, ìwo a sì máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì. Ẹni tó bá kàn gbọ́dọ̀ fà á gbẹ kó tó dá a padà. Ẹnikẹ́ni kì í dúpẹ́, torí ẹni tó bá dá ìwo padà tó sì ní “ẹ ṣeun,” ohun tó wí ni pé ó tó òun, kí wọ́n má fún òun mọ́. Ní ìjókòó Don Sinfo, ẹni tí ìwo ò bá kàn mọ́, ọ̀rọ̀ ò kàn án mọ́ náà nìyẹn.

“Don Sinfo,” ni Kápútẹ́ẹ̀nì wí, “oòrùn ti mú. Ẹ má jẹ́ ká fa ọ̀rọ̀ yìí gùn. Ìwé ní ṣíṣí gíábọ́ọ̀sì, ìpele kẹrin ni.”

“Bẹ́ẹ̀ ló wí, Kápútẹ́ẹ̀nì mi. Ìwé ò ní í parọ́. Ẹ gbà, ẹ mu.”

Kápútẹ́ẹ̀nì gbà, ó mu.

“Ẹ wá sọ fún mi o,” ni Don Sinfo wí, “ta ló ṣí i?”

“Ṣí kí ni?”

“Gíábọ́ọ̀sì. Èmi ò ṣí i. Toribio tó ń wa ọkọ̀ ló jókòó yìí, ẹ bi í, òun náà ò ṣí i. Gíábọ́ọ̀sì ló dá ara rẹ̀ ṣí lójú ọ̀nà, ewúrẹ́ ń wò ó.”

“Ó sán ni, Don Sinfo! Kò ṣí!”

“Ṣé ẹ ń rí inú rẹ̀ àbí ẹ ò rí i?”

“Mò ń rí i, ṣùgbọ́n…”

“Ó ti kàn yín. Ẹ gbà, ẹ mu.”

Bí Kápútẹ́ẹ̀nì ṣe ń fà á lọ́wọ́, Don Sinfo ń sọ̀rọ̀ lọ. “Ohun tí ojú bá ti ń rí inú rẹ̀ ti ṣí nìyẹn. A jẹ́ pé iṣẹ́ ìpele kẹrin ti parí. Petrona ló ṣe é fúnra rẹ̀, kò sì gba owó guaraní kan lọ́wọ́ ìjọba. Ohun tó kù ni kí a pa á dé. Ẹ bá mi wo ìwé yẹn, níbo ni wọ́n kọ pípa gíábọ́ọ̀sì dé sí?”

Kápútẹ́ẹ̀nì yọ ẹ̀dà ìwé tirẹ̀ jáde, ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn. Kò rí i. “Wọn ò kọ ọ́ torí pé ẹni tó bá ṣí i náà ló máa pa á dé!”

“Kí ló wá dé tí wọn ò sọ bẹ́ẹ̀? Ṣọ́jà ni mí, Kápútẹ́ẹ̀nì mi. Ohun tí wọn ò bá pa láṣẹ fún mi, mi ò lè dá a rò. Ẹ gbà, ẹ mu.”

Báyìí ni wọ́n ṣe é títí òjìji igi fi yí lọ sí ìhà kejì. Ìgbàkígbà tí Kápútẹ́ẹ̀nì bá ti rí ọ̀rọ̀ gidi fẹ́ sọ, ìwo ti kàn án. Ikùn rẹ̀ kún, ó le bí àgbá. Kò sì lè dúpẹ́, torí ó mọ ohun tí ọpẹ́ yóò ná òun. Nígbà tó yá, kò sí ohun tí òun fúnra rẹ̀ lè ṣe sí i mọ́. Ó dá ìwo padà, ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣeun.”

Don Sinfo kọjú sí awakọ̀. “Toribio, o gbọ́. Kápútẹ́ẹ̀nì ti dúpẹ́. Lọ gbé irin wá, ká pa gíábọ́ọ̀sì dé.” Kápútẹ́ẹ̀nì Ledesma sáré wọ inú igbó lọ tọ̀, nígbà tó sì jáde, ó gun ọkọ̀ ńlá náà padà sílùú láì wọ́ nǹkan kan.

Don Sinfo fi àjákù irin ìtúlẹ̀ àti iná wẹ́lídà pa gíábọ́ọ̀sì náà dé lóòótọ́. Iṣẹ́ náà mọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, Petrona ò lè rìn sẹ́yìn mọ́. Iwájú nìkan ló mọ̀. Bó bá dé ibi tí kò ti ráyè yípo, gbogbo wa la máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti tì í sẹ́yìn, pẹ̀lú omi kíkún nínú rẹ̀, nínú oòrùn Chaco. Bí a bá ráhùn, Don Sinfo a ní, “Títì ọkọ̀, ìpele kìíní ni. Ẹ máa tì.”

Ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ lè rò pé agídí lásán ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ omi méjì la ní tẹ́lẹ̀. Èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ń jẹ́ Ramona, ara rẹ̀ sì le ju ti Petrona lọ. Pọ́ńpù kékeré kan ló bàjẹ́ lára rẹ̀, ìwé ní ìpele kẹrin ni, Don Sinfo tó jẹ́ ọmọlúàbí ológun nígbà náà sì fi í ránṣẹ́. Ó tilẹ̀ ju fìlà sí i nígbà tó ń lọ. Ramona ò padà. Ọ̀dá ọdún yẹn, ilé ẹ̀kọ́ tì, a bá màlúù mu ẹrẹ̀, inú rírun sì mú àwọn ọmọ abúlé débi pé kò sí ilé tí wọn ò ti sunkún. Nígbà tí Don Sinfo gba ìsinmi, kò lọ kí ẹbí. Olú-ìlú ló lọ, ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i. Ó bá Ramona lẹ́yìn ilé iṣẹ́ ńlá náà, láìsí táyà, láìsí ẹ́ńjìnnì. Ẹnì kan ń sin adìẹ nínú ikùn rẹ̀.

“Wọ́n ṣe mí lálejò o,” ló sọ fún wa nígbà tó dé. “Wọ́n fún mi lẹ́yin.” Ó gbé ẹyin náà wá ní tòótọ́, nínú fìlà, ó tò ó sórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ ẹ́. Ẹyin náà rà níbẹ̀, ó ń rùn, a ò sì lè bá a wí. Ẹni ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, sísá ló máa sá.

Láti ìgbà náà ló ti di oníyọwó. Kò sí iṣẹ́ tí ìwé lè gbé sókè tí kò ní í bá a ná wálẹ̀. Ìgbà kan, ìjókòó ẹ́ńjìnnì Petrona tú, ìwé sì ní yíyọ ẹ́ńjìnnì, ìpele kẹta ni. Don Sinfo kó gbogbo àgọ́ jọ, títí kan ẹni tó ń se oúnjẹ. Ó ní, “Kí ni ẹ́ńjìnnì? Nọ́ọ̀tì tó kóra jọ ni. Títú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, ìpele kìíní ni, ó wà nínú ìwé. Ẹ tò. Kí kálukú tú ẹyọ kan, kó sì kọjá lọ.” Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. A tò bí ẹni tó fẹ́ gba ara Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì, kálukú tú tirẹ̀, ó kọjá.

Nígbà tó ku díẹ̀, àyà Toribio já. Jẹ́jẹ́ ènìyàn ni Toribio, kì í sọ ju ohun tó bá pọn dandan. “Ọ̀gá, bí ẹ́ńjìnnì bá já bọ́ sílẹ̀ ńkọ́?”

“Gbígbé ohun tó bá bọ́ sílẹ̀,” ni Don Sinfo dáhùn, “ìpele kìíní ni.”

Ọ̀rọ̀ yìí rìn. Ó dé gbogbo àgọ́ tó wà ní Chaco, àwọn ọ̀gá ìlú pàápàá ń fi ṣẹ̀fẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló ń yọ wálẹ̀. Èyí tí kò bá wù ú láti ṣe, òkè ló ń tì í lọ. Ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ́ wa já, a bẹ̀ ẹ́ títí. Ó lọ wò ó, ó fọwọ́ pa á, ó mi orí. “Ilẹ̀kùn yìí ju agbára wa lọ. Ìpele karùn-ún ni. A máa dúró de àwọn òyìnbó.” Gbogbo ìgbà tí mo fi wà ní Palo Quemado, kúbùsù ló wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ́ náà, àwọn òyìnbó ò sì dé. Afẹ́fẹ́ àríwá ló ń dé, láìkanlẹ̀kùn.

Ohun tó ṣe sí wa nìyẹn, ó ṣe é sí ìyàwó rẹ̀ náà. Ilé wọn ò jìnnà sí àgọ́. Ña Marciana ní ààrò amọ̀ kan lẹ́yìn ilé, níbẹ̀ ló ti ń yan chipa, búrẹ́dì oníwàràkàṣì tí gbogbo wa ń retí lọ́jọ́ Sátidé. Ẹnu ààrò náà sán.

“Sinfo, o ò rí ààrò mi?”

“Mo rí i, Marciana. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ ìpele kẹta ni, ó ń fẹ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ amọ̀.”

“Háà. Ìpele kẹta wà nílùú, àbí?”

“Ìlú ló wà.”

“Kò burú. Chipa náà ti di ìpele kẹta nìyẹn. Máa lọ jẹ ẹ́ nílùú.”

Ó fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan jẹ búrẹ́dì ṣọ́jà tó le bí bíríkì, kò bẹ̀bẹ̀, ìyàwó ò sì yọ́nú. Nígbẹ̀yìn, ó po amọ̀ díẹ̀, ó fi di ẹnu ààrò náà lọ́wọ́ kan, kò dára, kò burú. Ó ní àtúnṣe ojú ogun ni, pé èyí gidi ń bọ̀. Ọdún ń lọ, èyí gidi ò dé, ọ̀rọ̀ ààrò sì di orin tí Ña Marciana ń fi í jí láàárọ̀.

Kí n má fi í ṣe ẹni mímọ́, ó ṣe èyí tó fẹ́ẹ̀ mú ẹ̀mí lọ. Lẹ́yìn gíábọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ yọwó-yọwó náà gun orí rẹ̀. Bíréèkì Petrona ń yọ̀, ìwé ní ìpele kẹta. Don Sinfo ná an wá sí ìpele kejì. Ọjọ́ náà gbóná, ó sì ti rẹ̀ ẹ́, ló bá tún ná an wá sí ìpele kìíní. Ó ju wáyà sí Toribio pé kó so ó mọ́ra. Toribio so ó. Lọ́jọ́ kejì, Petrona bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́, ó sáré lọ tààrà sínú adágún tí wọ́n gbẹ́ fún àwọn màlúù.

Gbogbo wa ń pariwo. Don Sinfo dúró létí adágún, ọwọ́ ní ìbàdí. “Ọkọ̀ omi ló wọ omi. Kí lẹ ń pariwo fún?”

A bú sẹ́rìn-ín. A ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí Toribio jáde, ẹrẹ̀ dé etí rẹ̀. Ó wá dúró níwájú ọ̀gá rẹ̀. “Ọ̀gá,” ló wí, “ìyá mi ò bí mi fún ìpele kìíní.”

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wa. Don Sinfo sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló bọ́ aṣọ lára, ó fi nu ojú ọmọkùnrin náà. Kò mu tereré lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tú bíréèkì náà, ó wọ mọ́tò ẹlẹ́ran lọ sílùú, ó fi lé ìpele kẹta lọ́wọ́ bí ìwé ṣe wí, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn títí wọ́n fi parí. Ó gbé e lé itan padà wá bí ọmọ tuntun. Ó wá sọ fún wa pé, “Ohun gbogbo ló ṣeé ná. Bíréèkì ò sí nínú ìdúnàádúrà.” Kò sì ná an mọ́ títí ó fi kú.

Ó máa ń rẹni láti ṣe ṣọ́jà níbi tí kò sí ogun. Òórùn ọ́ìlì, eruku, ọkọ̀ kan náà, ọ̀nà kan náà sí odò àti láti odò. Wọ́n ní kí Don Sinfo fẹ̀yìn tì, ó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kò kúrò. Láràárọ̀ ni yóò wá jókòó lábẹ́ algarrobo, tí yóò máa bu tereré fún wa, tí yóò máa gbọ́ ohùn Petrona láti òkèèrè bí ìyá ṣe ń fetí sí ikọ́ ọmọ. “Ó ń kùn lápá òsì,” ni yóò wí, ojú rẹ̀ ní dídì. “Toribio, wò ó kí ìwé tó gbọ́.”

Ọ̀sán kan ló kú, nínú àkéte okùn rẹ̀, nígbà tí gbogbo ayé ń sun oorun ọ̀sán, tí afẹ́fẹ́ àríwá ń fẹ́. Ña Marciana pè é títí, kò dáhùn. Obìnrin náà ò kọ́kọ́ sunkún. Ó bínú ni, torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í léèrè ọ̀rọ̀ ààrò tán, ó rò pé ó ń díbọ́n ni. Nígbà tó fọwọ́ kàn án tó sì mọ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, “Sinfo, ààrò ò le tó bẹ́ẹ̀ náà.”

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi ń gbàdúrà fún òkú, ọjọ́ kẹsàn-án sì ni wọ́n ń fi chipa àti ohun mímu ṣe àwọn tó bá wá lálejò. Kò sí ààrò tí wọ́n lè fi yan chipa tó bẹ́ẹ̀. Toribio kó àwa tó kù lẹ́yìn, a po amọ̀, a wó èyí tó ti sán, a mọ ọ́n tuntun. Kò gbà wá ju àárọ̀ kan lọ. Ña Marciana dúró tì wá, ó ń fi gèlè nu ojú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bú u: “Àárọ̀ kan! Olódo yìí! Àárọ̀ kan péré!”

Láti ìgbà tó ti lọ, ohun kan yípadà nínú tereré wa. Omi àkọ́bù, èyí tí a máa ń dà sí ewé tí ẹnikẹ́ni kì í mu, tí àwọn bàbá wa ń pè ní ti Tọ́másì Mímọ́, a ti gbà á lọ́wọ́ Tọ́másì. Ti Don Sinfo ni.

Kò tíì pé ọdún kan tó kú tí irin tó gbé táyà ẹ̀yìn Petrona fi já. Ọ̀dá tún ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ti ń pín omi fún àwọn ọmọ ní ife kéékèèké, àwọn obìnrin abúlé sì ti ń wá dúró lẹ́nu géètì wa pẹ̀lú garawa, wọn ò bèèrè nǹkan kan, wọ́n kàn dúró ni. Ìlú rán ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fi ń wọ́ ọkọ̀ wá. Ẹni tó tẹ̀ lé e nínú jíìpù ni Ledesma. Ó ti di Kọ́nẹ́ẹ̀lì. Irun rẹ̀ ti dín, kò sì lọ aṣọ mọ́ kó tó rin ọ̀nà Chaco. Ó ti mọ̀ pé òfo ni.

Kò sí Don Sinfo. Àwa tó kù ń wo ara wa. Toribio ló fa àga fún Kọ́nẹ́ẹ̀lì, òun ló mú ìwo. Ó da omi àkọ́bù. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ń wò ó.

“Ti ta nìyẹn?”

“Ti Don Sinfo ni, sà.”

Kọ́nẹ́ẹ̀lì na ọwọ́. Ó gba èyí tó kàn án, ó fà á gbẹ.

Toribio fẹ́ sọ̀rọ̀. Òógùn bò ó. Gbogbo wa mọ ohun tó ń wá nínú orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu tí wọ́n fi ń sọ ọ́ ti wà nínú ilẹ̀. “Kọ́nẹ́ẹ̀lì mi,” ló wí, “ta ló… irin náà… a ò…” Ó dákẹ́. Ó wo àwọn obìnrin tó wà lẹ́nu géètì, omi sì lé sójú rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ má mú un lọ.”

Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ledesma wo Petrona. Ó wo ọ̀nà tó gbà wá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ra ojú bí ẹni tí kò sùn láti ọjọ́ mélòó kan. “Bíréèkì rẹ̀ ńkọ́?”

“Ó dá ṣáṣá, sà. Ìpele kẹta ló ṣe é.”

“Ó dáa. Kí ni ìwé wí nípa irin ẹ̀yìn?”

“Yíyọ irin ẹ̀yìn, ìpele kẹrin, sà.”

“Ṣé ẹ yọ ọ́ ni?”

Toribio lanu, ó pa á dé. “Rárá, sà. Òun ló já bọ́ fúnra rẹ̀.”

“Lójú ọ̀nà?”

“Lójú ọ̀nà, sà.”

“Ewúrẹ́ ń wò ó?”

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. “Wọ́n ń wò ó, sà,” ni Toribio wí.

“Ọ̀ràn mìíràn nìyẹn.” Kọ́nẹ́ẹ̀lì na ọwọ́ sí ọkọ̀ ńlá tó bá wá. “Ìyá kan náà ló bí òun àti Petrona. Irin ẹ̀yìn tirẹ̀ ṣì le. Mo rò ó pé kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó lè já bọ́ fúnra rẹ̀. Gbígbé ohun tó bá bọ́ sílẹ̀, ìpele wo ni?”

Gbogbo àgọ́ ló dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: “Ìpele kìíní, sà!”

“Bí ẹ bá ti gbé e tán, ẹ ránṣẹ́ sí olú-ìlú kí wọ́n wá kó èyí tó kù. Kí wọ́n máa sin adìẹ nínú òun náà.”

Àwọn kan ti sáré lọ mú sípánà. Toribio ò lè dìde. Ó jókòó níbẹ̀, ìwo wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó bu omi, ó nà án sí Kọ́nẹ́ẹ̀lì. Ledesma gbà á, ó fà á títí ó fi dún pé ó ti gbẹ, ó wo àga tí Don Sinfo máa ń jókòó sí, ó sì dá ìwo padà.

Gbogbo wa ń wo ẹnu rẹ̀. Kò dúpẹ́.

Toribio tún bu omi sí i.